Súkúrù Méjì Tó Ṣẹ́kù

"Ṣé ẹ ti tan án?"

Bàbá Sàlímọ́nù ló béèrè, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn, nítorí kó tó béèrè, ọkọ̀ ojú irin kékeré náà ti yí pálọ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń gba abẹ́ àga kọjá, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá gan-an kọjá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń kùn, fèrè rẹ̀ sì ń ké nígbàkígbà tó bá dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́olúwa tó kúnlẹ̀ sórí ẹní, tó gbé láptọ́ọ̀pù síwájú, gbọ́ ọ. Màmá Sèlíátù, ìyàwó Bàbá, tó fara ti òpó ilẹ̀kùn ilé ìdáná, gbọ́ ọ. Adìẹ tó yọjú láti ẹ̀yìnkùlé náà gbọ́ ọ, ó sì sá padà. Bàbá nìkan ló na ọrùn síwájú, tó fi àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn etí, tó ń dúró de ohun tó ti dé.

Ọ̀rẹ́olúwa tẹ bọ́tìnnì kan. Fèrè tún ké: gígùn méjì, kúkúrú kan, gígùn kan, bí Bàbá fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ ọ pé kó rí. Bàbá ò mira. Nígbà tó yá, ó fẹ̀yìn ti àga, ó ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, ó ní bóyá iná ni ò sí. Ìyẹn ló dun Ọ̀rẹ́olúwa jù. Iná ti wà láti àárọ̀. Fáànù tó ń yí lókè ló ń fẹ́ etí fìlà Bàbá lẹ́lẹ́. Bàbá mọ̀ pé iná wà. Ó kàn ń wá ohun tí yóò fi bo ọmọ ọlọ́mọ láṣìírí ni.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni Bàbá Sàlímọ́nù fi wa ọkọ̀ ojú irin, láti Ìddó dé Kánò, láti Kánò dé Ìddó, kó tó fẹ̀yìn tì padà sílé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Balógun ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí ojú irin ò dé rí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ojú rẹ̀ fọ́. Lọ́dún tó kọjá, etí bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ojú lẹ́yìn. Dókítà sọ pé ó ń lọ ni, kò ní padà: bóyá ọdún kan, bóyá oṣù mẹ́fà. Wọ́n ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí fún un. Ó lò ó fọ́jọ́ méjì, ó ní gbogbo ayé ń dún bí agolo òfìfo, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì pa á tì síbẹ̀.

Munirah, àkọ́bí rẹ̀ tó ń gbé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ra ọkọ̀ kékeré náà ránṣẹ́. Gígùn rẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó sì jọ èyí tí bàbá rẹ̀ wà débi pé Bàbá fi ọwọ́ pá a láti orí dé ìdí, ó ń ka fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n odi ni ọkọ̀ náà. Ó ń rìn, kì í fọhùn. Ọkọ̀ tí kì í fọhùn ò sì yàtọ̀ sí òkúta lọ́dọ̀ ẹni tí ojú rẹ̀ ti lọ. Munirah bá tún fi páálí kékeré kan ránṣẹ́ sí Ẹ̀pẹ́, tí ohun tí wọ́n fi ń fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lóhùn wà nínú rẹ̀, ó sì pe Ọ̀rẹ́olúwa, tó jẹ́ àbúrò fún un ní yunifásítì, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Ìgbògbò lápá Ìkòròdú, pé kó bá òun tò ó.

Kò mọ̀ pé ẹni tí òun fẹ́ dá lóró nìyẹn. Ọ̀rẹ́olúwa kì í lè jókòó jẹ́ẹ́. Bí ẹ bá gbé àgádágodo tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù síwájú rẹ̀, ẹ gbàgbé oúnjẹ, ẹ gbàgbé ìkíni. Kò ní gbójú sókè títí yóò fi ṣí. Ìmọ̀ iná mànàmáná ló kà jáde. Wọn ò tíì gbé nǹkan wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí kó dá a padà láìtíì ṣe é, ó sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn ènìyàn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé Ẹ̀pẹ́ ni Bàbá ti sọ ohun tó fẹ́ fún un, kò sì tún un sọ mọ́ láti ọjọ́ náà.

"Mi ò ní kó padà di ọkọ̀ gidi," Bàbá wí. "Mo kàn fẹ́ kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré kí etí yìí tó tì. Kí n gbọ́ ọ tó ń bọ̀, kí n gbọ́ ọ tó ń lọ."

Màmá ti kó ohun tó wà nínú páálí náà sínú ọ̀rá dè é. Bọ́ọ̀dù ohùn kan wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Inú rẹ̀ ni gbogbo ohùn wà, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń jí, ìgbà tó ń fa ẹrù gun òkè, ìgbà tí bíréèkì ń han, àti fèrè. Sípíkà rìbìtì kan wà, ó tó ọmọrí ìgò epo. Wáyà wà. Súkúrù tíntìntín méjì wà. Ọ̀rẹ́olúwa kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Ìgbògbò, ó ṣí òrùlé ọkọ̀, ó fi lẹ́ẹ̀dì jó wáyà mọ́ wáyà, ó to bọ́ọ̀dù síwájú, ó to sípíkà sẹ́yìn, ó dé òrùlé padà. Ohun gbogbo wọlé, àfi súkúrù méjì náà. Ó yẹ inú ọkọ̀ wò, ó yẹ abẹ́ rẹ̀ wò, kò ríhò tó bá wọn mu. Ó fi tépù lẹ̀ wọ́n mọ́ ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù rẹ̀ kí wọ́n má baà sọnù, ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé àfikún ni wọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ti pa láptọ́ọ̀pù dé ni wọ́n máa ń wò ó lójú.

Ní ọjọ́ tí Bàbá béèrè bóyá wọ́n ti tan ọkọ̀ yẹn, Màmá ò jẹ́ kó lọ láìfi nǹkan kan ẹnu. Ó gbé gàrí Ìjẹ̀bú wá pẹ̀lú ẹja díndín, ó ṣí agolo ṣúgà, ó fi ike dúdú kékeré tó ń gbé inú agolo wọn ṣúgà méjì sí abọ́ àlejò, ó wọn ìdajì sí ti Bàbá. Àtọ̀gbẹ ń bá Bàbá jà díẹ̀díẹ̀, nọ́ọ̀sì sì ti kìlọ̀ fún un láìpẹ́ yìí pé kó yé fi ojú bu ṣúgà, kó máa wọ̀n ọ́n. Ọ̀rẹ́olúwa jẹ gàrí náà láìmọ adùn rẹ̀. Súkúrù méjì ló ń jẹ.

Nígbà tó padà dé Ìgbògbò, ó dojú kọ nọ́ńbà. Gbogbo ìṣesí bọ́ọ̀dù náà ló ní nọ́ńbà tí ènìyàn lè yí padà láti orí láptọ́ọ̀pù: bí fèrè ṣe máa pọ̀ tó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa yára jí tó, ìgbà tí bíréèkì máa han. Ó tò wọ́n sínú ìwé, ó ń yí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ohùn fèrè lọ dé òpin. Sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í ha bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gé àwo. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ó gbé ohùn ẹ́ńjìnnì sókè, ó rẹ bíréèkì sílẹ̀. Saheed, tó ń tún ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kejì fáwọn mọ́sálásí àti ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò, tó sì ti dé ẹnu iṣẹ́ yìí nígbà tí Ọ̀rẹ́olúwa ṣì ń lọ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, a máa fara ti ògiri wò ó.

"Ẹnjiníà," yóò ní, "ibo lọkọ̀ yín dé báyìí? Ṣé Agége ni àbí Ìfọ̀?"

Ọ̀rẹ́olúwa a tún yí nọ́ńbà mìíràn. Saheed ò wo ẹnu ọ̀nà yunifásítì rí, kí ni yóò wá kọ́ni?

Ó gbé ọkọ̀ padà lọ sí Ẹ̀pẹ́. Nínú kúlà ló máa ń gbé e sí, pẹ̀lú ìrépé aṣọ tó fi dì í, kí gbogbo kòtò tó wà láàárín Ìmọ́tà àti Itóìkín má baà tú u ká. Ó gbé e lé itan láti Gáréèjì Ìkòròdú, obìnrin tó jókòó tì í sì ń bi í pé ṣé ẹja tán ní Ìkòròdú ni tó fi ń gbé kúlà lọ sí Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀? Nígbà tí ohun tó wà nínú kúlà fọn fèrè fúnra rẹ̀ ní Àgbọ̀wá, nítorí pé kòtò kan mì ín, bọ́tìnnì ara rẹ̀ sì tẹ̀, obìnrin náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì tún bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi sọ̀.

Ọjọ́ yẹn, Bàbá gbọ́ nǹkan. Ó ní ẹ̀fọn kan ń kọjá lẹ́bàá ẹsẹ̀ òun.

Ọ̀rẹ́olúwa pa ọkọ̀ náà. Ohun tó ń bí i nínú gan-an nìyí: etí Bàbá ò tíì dí. Bí wọ́n bá gbé odó sílẹ̀ nílé kejì, Bàbá yóò ní, wọ́n ti fẹ́ gúnyán nílé Àbúdù. Bí ọkọ̀ ojú omi onímọ́tò bá ń kọjá lórí ọ̀sà, tí Ọ̀rẹ́olúwa fúnra rẹ̀ ò gbọ́ ọ dáadáa, Bàbá yóò sọ pé Èjìnrìn lèyí ń lọ. Báwo ni etí ṣe lè gbọ́ ohun tó wà lórí ọ̀sà, kó má gbọ́ fèrè tó ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀? Ó gbé ìbéèrè náà lọ sílé, ó gbé e sùn. Ìgbà mìíràn, èrò burúkú a máa wá sí i lọ́kàn pé bàbá arúgbó yìí ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ojú a sì tì í.

Nígbà kẹta, ó yá sípíkà ńlá kan lọ́wọ́ Saheed, ó so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó gbé e kalẹ̀ sáàárín pálọ̀, ó sì fọn fèrè náà láti inú rẹ̀. Bàbá jí gìrì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀, ó lọ sókè lápá òsì bíi pé okùn fèrè wà níbẹ̀ tó fẹ́ fà. Màmá fi ìborùn bo ẹnu. Ọ̀rẹ́olúwa rò pé ó parí nìyẹn, ó ti ń wá bàtà rẹ̀. Ìgbà náà ni ọwọ́ Bàbá sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí itan.

"Ó ṣeun, ọmọ mi," ó wí. "Ṣùgbọ́n rédíò lèyí. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró sójú kan ké. Ibo lèyí ti ń bọ̀? Ibo ló ń lọ?"

Ọ̀rẹ́olúwa yọ wáyà sípíkà náà kúrò lára láptọ́ọ̀pù. Ohun tí Bàbá sọ ló tọ̀nà, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀.

Fún ọ̀sẹ̀ kan, kò fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ó ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí tábìlì iṣẹ́, sípíkà rẹ̀ ń fi wáyà méjì rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, bí ẹyinjú tó yọ. Ó ń bá àwọn oníbàárà jà lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Ó sọ fún ọkùnrin kan pé bí fóònù rẹ̀ bá ń dà á láàmú, kó ra ẹyẹlé. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Saheed wọlé wá gba sípíkà ńlá rẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí èyí tó rọ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó fi ìka gbé e sókè, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹnjiníà," ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Àpótí èyí dà?"

Ọ̀rẹ́olúwa bi í pé àpótí wo. Saheed wò ó bí ẹni ń wo ẹni tó béèrè pé kí ni wọ́n ń fi omi ṣe. Ó mú un dé ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, níbi tí sípíkà mọ́sálásí kan wà nínú àpótí onípákó, ó fi orin sí i. Àyà Ọ̀rẹ́olúwa ń gbọ̀n bí ìlù rẹ̀ ṣe ń lù. Saheed bá tú sípíkà náà kúrò nínú àpótí, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì níhòòhò, ó tún fi orin kan náà sí i. Ohùn olórin wà níbẹ̀, tín-ín-rín, bí ohùn ẹni tí wọ́n di imú rẹ̀ mú. Ìlù ti lọ pátápátá.

"Iwájú rẹ̀ ń ti afẹ́fẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ń fà á," Saheed wí. "Bí nǹkan ò bá dí ẹ̀yìn, ohun tí iwájú ń sọ ni ẹ̀yìn ń gbé mì. Ohùn tó bá sì wúwo ló kọ́kọ́ ń kú. Ṣé wọn ò kọ́ yín ní yunifásítì ni?"

Wọ́n kọ́ wọn. Ohun tó jẹ́ kí orí Ọ̀rẹ́olúwa gbóná nìyẹn. Ní ọdún kẹta, wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè náà nínú ìdánwò, ó ya àwòrán rẹ̀, ó fi ọfà sí i, ó gba máàkì tó jọjú. Kò kàn rò ó rí pé ìbéèrè ìdánwò lè wá bá òun ní Ìgbògbò, kó di ọkọ̀ ojú irin mọ́ òun lọ́wọ́.

Gbogbo rẹ̀ wá tò sí ojú kan. Ohùn tín-ín-rín ló ti kọ́kọ́ kúrò ní etí Bàbá. Ẹyẹ, aago fóònù. Ohùn tó wúwo ló ṣẹ́kù fún un: odó, ọkọ̀ ojú omi, ohùn ènìyàn. Sípíkà tí kò ní àpótí náà sì ń pa gbogbo ohùn tó wúwo, ó ń fi èyí tí Bàbá ò lè gbọ́ mọ́ nìkan ránṣẹ́ sí i. Oṣù méjì gbáko ni òun ti fi ń yí nọ́ńbà ohun tí kò dé etí ọkùnrin náà. Ó pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé. Súkúrù méjì ń wò ó láti abẹ́ tépù. Súkúrù àpótí ni wọ́n.

Munirah fi àwòrán ránṣẹ́ lórí wọ́tsáàpù kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àpótí kan wà nínú ohun tí òun rà: ike dúdú, onígun mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ ṣí rìbìtì lápá kan, ó ní etí kékeré méjì tí súkúrù ń gbà wọlé. Òun fúnra òun ló dì í.

Ọ̀rẹ́olúwa pe Màmá Sèlíátù. Fóònù Màmá jẹ́ èyí tó ń gba ìpè nìkan, kò lè fi àwòrán hàn án. Ó bi í bóyá nǹkan kan ṣẹ́kù nínú páálí Munirah tí kò sí nínú ọ̀rá tó kó fún òun. Kò ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe rí; ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, kí ló fẹ́ fi ìyẹn dààmú ìyá àgbà fún?

"Gbogbo ohun tó jẹ́ ti ọkọ̀ ni mo kó fún ọ, ọkọ mi," Màmá wí. "Mi ò fi ẹyọ kan sílẹ̀."

Á jẹ́ pé ọwọ́ Ọ̀rẹ́olúwa fúnra rẹ̀ ló ti sọnù nìyẹn. Ó gbá ṣọ́ọ̀bù láti ògiri dé ògiri. Ó gbé tábìlì kúrò. Ó da garawa ìdọ̀tí sílẹ̀ níta, ó fi igi tú u, Saheed sì ń bi àwọn tó ń kọjá bóyá wọ́n mọ̀ pé báyìí ni wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó fún ènìyàn ní oyè ẹnjiníà. Nígbà tí kò rí i, ó dá ilé ìfìwéránṣẹ́ lẹ́bi, ó dá àwọn tó ń tú ẹrù wò ní pápákọ̀ òfurufú lẹ́bi. Munirah kọ̀wé sí àwọn tó ń tà á. Wọ́n ní ó tán lọ́wọ́ àwọn, ó di oṣù méjì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀. Ó fi ọmọrí ìgò ṣe èkíní. Ó ga jù, òrùlé ọkọ̀ ò dé. Ó gé ike rìmóòtù àtijọ́, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀; afẹ́fẹ́ ń yọ ní igun rẹ̀, ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Ó tún òmíràn gé. Gọ́ọ̀mù ṣàn, ó kù díẹ̀ kó dé ojú sípíkà, ó sì fi abẹ́rẹ́ họ ọ́ kúrò fún wákàtí méjì láìmí dáadáa. Ìka rẹ̀ bó. Èyí karùn-ún ló dára jù nínú wọn, kò sì dára.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Màmá pè é, láìjẹ́ pé ó ní iṣẹ́ kan tó fẹ́ rán an. Ó béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó béèrè iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé wọ́n gúnyán nílé Àbúdù lánàá, Bàbá ò sì sọ nǹkan kan.

"Bóyá ó ń sùn ni, Màmá," Ọ̀rẹ́olúwa wí.

"Kò sùn," ni Màmá wí.

Ọ̀rẹ́olúwa ò dúró de oṣù méjì mọ́. Ó gbé èyí karùn-ún náà sínú ọkọ̀, ó gbé ọkọ̀ sínú kúlà, ó sì kọrí sí Ẹ̀pẹ́ ní ọjọ́ náà. Ní gbogbo ojú ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ bíi pé òun ló ń wa ọkọ̀, bíi pé bí òun bá tẹ̀ ẹ́ síi, àwọn yóò tètè dé.

Bàbá ti gbọ́ pé ó ń bọ̀, ó ti wọ ẹ̀wù tó mọ́. Ó jókòó sórí àga rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún. Ọ̀rẹ́olúwa rí i pé òun ní láti sún mọ́ ọn gan-an kó tó gbọ́ ìkíni òun. Ó to irin sílẹ̀ yí pálọ̀ ká, ó gbé ọkọ̀ lé e, ó tan án. Ọkọ̀ gbéra. Ó dé abẹ́ àga, ó dé ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá, fèrè ké, igun àpótí tí ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, zzz, zzz, ó gbé ohùn fèrè mì tán.

Bàbá gbé orí sókè díẹ̀. "Nǹkan kan ń gbọ̀n," ó wí. Ó ní sùúrù, ó jẹ́ kí ọkọ̀ náà yí po lẹ́ẹ̀mẹrin. "Ó ń gbọ̀n. Kò tíì dé."

Ọ̀rẹ́olúwa pa á. Ó tú òrùlé ọkọ̀, ó yọ àpótí karùn-ún náà, ó sì fọ́ ọ mọ́ ọwọ́ láìmọ̀ pé òun ń fọ́ ọ. Kò lè wo Bàbá. Ó ń sọ fún un, pẹ̀lú ohùn tó gbé sókè ju bó ṣe yẹ lọ kó lè gbọ́, pé àpótí gidi yóò dé láti òkè òkun, oṣù méjì péré, kí Bàbá fara balẹ̀. Bàbá mi orí. Ó ní oṣù méjì ò jìnnà. Ó ní nígbà tí òun wà lẹ́nu iṣẹ́, òun ti dúró de ọ̀nà kó ṣí ní Jẹ́bà láti àárọ̀ di ọ̀sán ọjọ́ kejì rí. Lẹ́yìn náà, ó yí etí kan sápá ọ̀sà, bí ẹni ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Màmá gbé gàrí dé. Ó gbé abọ́ ti Bàbá sí i lọ́wọ́, ó gbé ti àlejò sórí àpótí ìjókòó níwájú Ọ̀rẹ́olúwa, ó gbé ẹja tì í, ó bu omi tútù sí i. Ọ̀rẹ́olúwa ò fẹ́ jẹun. Ó ń fi ìka pá ojú sípíkà tó rọ̀ sílẹ̀ lórí wáyà rẹ̀, ó ń wọn bí ó ṣe gbòòrò tó fún ìgbà ọgọ́rùn-ún, láti mọ bí òun yóò ṣe gé èyí kẹfà. Ó mọ ìwọ̀n náà dunjú bí orúkọ ara rẹ̀. Màmá jókòó sórí pèpéle, ó ṣí agolo ṣúgà. Ó bu ìdajì sí ti Bàbá, ó fi ìka gé orí rẹ̀ kó má lé. Ó bu ẹ̀kún kan, ó na ọwọ́ sọ́dọ̀ Ọ̀rẹ́olúwa.

Onígun mẹ́rin ni. Dúdú ni. Ẹnu rẹ̀ ṣí lápá kan, ó kún fún ṣúgà, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì rẹ̀ sì ni etí kékeré méjì wà tí wọ́n lu ihò sí, ìka Màmá di ọ̀kan mú.

Ṣúgà náà dà sínú gàrí. Ọwọ́ Màmá padà sínú agolo fún ẹ̀ẹ̀kejì.

"Màmá," Ọ̀rẹ́olúwa wí. Ohùn rẹ̀ ò tètè jáde. "Níbo lẹ ti rí ìyẹn?"

"Èwo?" Màmá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ìwọ̀n ṣúgà yìí? Inú páálí Munirah ló wà. Òfìfo ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ike tó dára báyìí, mo ní ṣé kí n wá sọ ọ́ nù ni? Ọ̀sẹ̀ tí nọ́ọ̀sì ní kí n máa fi ìwọ̀n bu ṣúgà ló bọ́ sí."

Ní ilé yẹn, agolo mílíìkì ni ìyọ̀ ń gbé, agolo bísíkíìtì ni abẹ́rẹ́ àti òwú ń gbé, ike àìsìkirìmù sì ni ata lílọ̀ ń gbé. Ọ̀rẹ́olúwa ti rí gbogbo wọn. Nílé ìyá tirẹ̀ ní Ìgbògbò náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Ó na ọwọ́. Màmá gbé e lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú ṣúgà tó wà nínú rẹ̀, kò yé e. Ọ̀rẹ́olúwa da ṣúgà sínú agolo padà, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu inú àpótí náà dé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún un nu. Ó fi ẹ̀yìn sípíkà dé e. Ó wọ̀ ọ́ bí ọmọrí ìkòkò. Ó pa láptọ́ọ̀pù rẹ̀ dé, ó ṣí tépù kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ó sì mú súkúrù àkọ́kọ́.

"Kí ni mo máa wá fi wọn ṣúgà Bàbá báyìí?" Màmá béèrè.

Súkúrù náà wọ ihò rẹ̀, ó yí, ó dúró gbọn-in. Ọ̀rẹ́olúwa mú èkejì.